Ìdè Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Béèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́. Mo máa kọ ọ́ dé ìdajì, mo máa pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ̀ ju ìdajì ìtàn yìí lọ ti ń sọ ọ́ kiri láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Òrù, èmi tí mo ni ín ni mi ò tíì lanu. Ó tó gẹ́ẹ́!

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yàrá bá ń rí lára, kó yáa máa bá tiẹ̀ lọ o. Mi ò ní sọ ìsọkúsọ, àmọ́ mi ò ní fi ewé bo ohun tó yẹ kí n sọ. Àgbàlagbà ni mí, àwọn àgbàlagbà ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ máa pè mí ní Bùkọ́lá. Láíbìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa. Àkọ́bí ni mí, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé Yorùbá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, èmi ni wọ́n ń pè bí òrùlé bá ń jò, èmi ni wọ́n ń pè bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi bá tán, èmi náà ni wọ́n ń pè bí àwọn àbúrò mi bá ń bá ara wọn jà. Orí mi kì í dákẹ́. Ṣé ẹ mọ bí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ṣe máa ń dún, tí ẹ ò sì lè lọ bá wọn pé kí wọ́n pa á? Bí inú orí mi ṣe rí nìyẹn, tọ̀sán-tòru.

Tìmílẹ́yìn ni orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Tìmí ni mo máa ń pè é. Ọmọ Ibiade ni, létí omi lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ẹja pípa ni wọ́n sì ń ṣe nílé wọn. Òun ti kàwé ní tiẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ kan ní Òrù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá rí aáyán nínú ilé, ńṣe ló máa gbá a síta láàyè! A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ẹbí ti mọ ẹbí, ìgbéyàwó ló kù.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ju eré lọ. À ń du rìmóòtù mọ́ ara wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú mọ́ orí ìrọ̀rí, ó ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, orí mi dákẹ́! Mo ní ó dákẹ́ lọ rọ́ọ́rọ́ọ́. Ìgbà tó fi mí sílẹ̀ ni ariwo náà padà dé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wí? Ọmọ ìjọ aládùúrà, ọmọ ìyá ìjọ, tí à ń wọ aṣọ funfun láti kékeré! Nígbà tó yá, mo sọ fún un. Mo ní mo fẹ́ kó máa dè mí lọ́wọ́ nígbà míì, nígbà tó bá ku àwa méjèèjì.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde, ó jáde lọ sí ìta, ó sì pẹ́ kó tó wọlé. Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní bàbá òun máa ń na ìyá òun, pé nígbà tí òun wà ní kékeré, òun a máa sá sábẹ́ àwọ̀n ẹja tí wọ́n kó jọ sẹ́yìnkùlé, òun a di etí. Ó ní òun ti búra pé obìnrin kankan kò ní sunkún lọ́wọ́ òun láéláé.

Mo ní kì í ṣe nínà ni mò ń béèrè. Mo ní ṣé ẹni tí wọ́n tì sínú omi àti ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ bọ́ sínú omi láti wẹ̀, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ó ní òun máa rò ó.

A sọ̀rọ̀, a tún sọ̀rọ̀. Mi ò rò pé àwọn tọkọtaya tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa jókòó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nípa ohunkóhun tó kan yàrá. Ó lọ kà nípa ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. A fẹnu kò pé bí ọ̀kan nínú wa bá ń bínú, kò sí ìdè. Bí ẹnì kan bá ti mu ọtí, kò sí ìdè. Sísọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ó ní bí mo bá sọ pé rárá, òun máa dáwọ́ dúró, àmọ́ òun tún fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní sí àṣìgbọ́ nínú ẹ̀. Ni mo bá ní “Mámù.” Bẹ́ẹ̀ ni, Mámù tí ẹ mọ̀ yẹn, tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lọ sí Ìbàdàn! Ta ló máa ń rántí Mámù nínú yàrá? A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni, òjò ń rọ̀ lórí páànù. Ìborùn mi ló lò. Ọmọ apẹja mọ kókó í ta! Kókó tó lè dá ọkọ̀ ojú omi dúró, àmọ́ tó jẹ́ pé fífà kan péré ló máa tú u. Bó ṣe ń ta á ló ń bi mí pé ṣé kò le jù, ṣé ìka mi ṣì ń gbóná, ṣé kí òun máa lọ. Mo ní kó máa lọ.

Àyà mi kọ́kọ́ ń lù kìkì. Lẹ́yìn náà, ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ̀yìn sùn lórí omi, tí omi sì gbà pé òun á gbé e. Ìró òjò di ẹyọ kan. Mi ò rántí òrùlé, mi ò rántí oògùn, mi ò rántí ẹni tó yẹ kí n pè. Mi ò sí níbì kankan, síbẹ̀ mi ò sọ nù. Ohùn Tìmí ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ń pe orúkọ mi, mo sì ń dá a lóhùn.

Nígbà tó tú mi, mo bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà á! Mo ní kó má ṣe bẹ̀rù, pé nǹkan kan tí mo ti ń rù láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni mo sọ̀ kalẹ̀. Ó fi òrí ra ọrùn ọwọ́ mi, ó fi aṣọ bò mí, ó po tíì. Ó jókòó tì mí títí mo fi sunkún tán. Ní ọjọ́ kejì ó rẹ̀ mí gan-an, inú mi bàjẹ́ láìnídìí. Tìmí ti kà á pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń pè mí láti ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti lu aago.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn ìyá nínú ìjọ wa tí ẹ̀mí máa ń gbé. Wọ́n á ṣubú, wọ́n á yí nínú iyanrìn, a ó máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn. Bí wọ́n bá padà dé, ojú wọn á máa dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo máa ń jowú wọn! Ẹ̀mí ò gbé mi rí lọ́jọ́ ayé mi. Mi ò fi ọ̀kan wé èkejì o, ẹ má bínú sí mi. Mo kàn ń sọ pé mo mọ ojú yẹn, mo sì rí i nínú dígí ilé mi lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni a ń bá a lọ. Kì í ṣe lójoojúmọ́, kì í tilẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti lò láyé, ìgbà yẹn ni mo sùn dáadáa jù.

Ìgbà tó yá, ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó kí wọ́n bá a yẹ ojú wò. Ó sọ̀ sílé mi, mo bu omi fún un. Bí mo ṣe na ife sí i, apá aṣọ mi fà sókè. Ìborùn ti fà díẹ̀ ní ìjẹta, ó fi àmì sí ọrùn ọwọ́ mi bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ìyá mi kí ẹ má bàa dá a lẹ́jọ́. Ó ní àbúrò kan, Àǹtí Folúkẹ́. Ìyá mi rí ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí, ó bi í, Àǹtí ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Ìyá mi gbà, ó dákẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé òkú Àǹtí Folúkẹ́ jáde nílé ọkọ ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn gbọ́ mọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó béèrè ẹni tó dè mí. Mo ní Tìmí ni, àmọ́...

Kò dúró gbọ́ “àmọ́.” Ó gbé ife kalẹ̀, ó wé gèlè ẹ̀, ó padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó láìyẹ ojú mọ́.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n ti pe ìpàdé ẹbí. Tìmí dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Rẹ̀mí bi í bóyá ó fi okùn de ọmọ àwọn tàbí kò dè é. Tìmí ní, “Mo dè é, sà.” Kò sọ ju ìyẹn lọ. Kò fẹ́ purọ́, kò sì fẹ́ tú àṣírí mi.

Mo dìde. Mo ní, “Bàbá, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ẹ ronú wò ó ná, kí obìnrin máa ṣàlàyé yàrá ẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀! Òógùn bò mí. Mo sọ nípa ariwo orí mi, mo sọ pé kò nà mí rí, mo sọ pé kò sí ìgbà tí mo ní kó dáwọ́ dúró tí kò dáwọ́ dúró.

Bàbá Rẹ̀mí mi orí. Èmi kọ́ ló tilẹ̀ dá lóhùn, ìyá mi ló yíjú sí. Ó ní, “Ìyá Bùkọ́lá, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tó ń sọ? Kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀mí àìmọ́ ti mú un.” Ó wá na ìka sí Tìmí, ó ní irú àwọn tó ń na obìnrin kò ní jókòó nínú ilé àwọn. Ìyá mi ń fi Ìjẹ̀bú tó jinlẹ̀ sunkún, ó ń pe orúkọ Folúkẹ́.

Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n ní kì í ṣe èmi.

Wọ́n tú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ká níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ìyá mi, ó kúnlẹ̀ fún èmi ọmọ ẹ̀, ó ní kí n bá òun lọ sí ilé àdúrà. Ta ló lè rí ìyẹn kó ní òun ò lọ? Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo lọ.

Wọn ò ṣe mí ní ibi. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, àwọn ìyá àgbà ń pè mí ní ọmọ mi, ìyá mi ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àmọ́ ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń gbàdúrà lé mi lórí, tùràrí kún inú ilé, wọ́n yí mi ká, mi ò rí èémí mí dáadáa. Mo fẹ́ jáde síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi. Wọ́n ní ẹ̀mí tó wà lára mi ló ń jà. Ni wọ́n bá fi ọ̀já àdúrà de ọwọ́ mi méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó bi mí pé ṣé ó le jù.

Ọwọ́ kan náà o! Ọrùn ọwọ́ kan náà! Ṣé ẹ rò pé orí mi dákẹ́? Ariwo náà pọ̀ bí ẹni pé gbogbo jẹnẹrétọ̀ ìlú ló wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n tú mi. Mo ní rárá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi: “Mámù! Mámù!”

Wọ́n kígbe Halelúyà! Wọ́n ní èdè ọ̀run ni. Wọ́n gbé orin. Mo ń sunkún, wọ́n ní ó ti ń jáde lára mi.

Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni kò kọrin. Ìyá mi rá pálá wá láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó dì mọ́ mi, ó sì ń fi eyín tú ọ̀já náà, torí wọ́n ti ta á ju bó ṣe yẹ lọ. Ó mú mi jáde síta. Lọ́jọ́ kejì a padà sílé.

Kí n tó jáde níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé Òrù. Ẹnì kan tó wà nínú ìpàdé ẹbí ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ó sì ń lọ láti fóònù dé fóònù. Àwọn òbí ní àwọn ò fẹ́ kí ẹni tó ń fi okùn de obìnrin máa kọ́ ọmọ àwọn. Mo gbọ́ pé prínsípà sọ fún un pé òun ò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ ẹ̀ rí, àmọ́ kó máa lọ. Mo pe fóònù ẹ̀ títí, kò wọlé. Mo bá wọkọ̀, ó di Ibiade.

Mo bá a létí omi, òun àti ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyá ẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, àmọ́ kò lè wo ojú mi pẹ́. Ohùn inú fóònù yẹn ti dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀ náà.

Tìmí ti rù. Ó ní òun ò bínú sí mi, pé òun gbọ́ bí mo ṣe dìde sọ̀rọ̀ fún òun, òun ò sì ní gbàgbé ẹ̀. Ó ní, “Àmọ́ bí mo ṣe wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n pè mí ní ẹni tó ń na obìnrin, mo gbójú sókè, mo rí ìyá rẹ tó ń sunkún. Ojú ìyá mi ni mo rí, Bùkọ́lá. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá wo ọwọ́ mi, ọwọ́ bàbá mi ni mò ń rí.”

Mo ní kì í ṣe ọwọ́ bàbá ẹ̀. Mo ní ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Èmi tí wọ́n dè ń sọ̀rọ̀!

Mo na ọwọ́ sí i. Ó wo ọwọ́ náà, kò gbà á. Kì í ṣe ìbínú o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ó máa ń béèrè kó tó fọwọ́ kàn mí ti wá di ẹni tí kò lè fọwọ́ kàn mí mọ́ rárá. Ìyẹn ló pa mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó sìn mí dé gáréèjì, ó dúró nínú oòrùn títí ọkọ̀ fi gbéra.

Mi ò rí i mọ́ láti ìgbà náà. Mo gbọ́ pé ó ń ṣe lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ apẹja, inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Mo ti padà síbi iṣẹ́ mi. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí mo bá kọjá, wọ́n á sì yára gbójú síbòmíì. Oorun mi ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, èmi àti ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Kò gbójú sókè, ó kàn béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Tó bá tú ẹ tán, kí ló máa ń ṣe?”

Nínú gbogbo wàhálà yẹn, nínú gbogbo ìpàdé àti àdúrà, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí! Mo sọ fún un. Mo ní ó máa ń fi òrí ra ọwọ́ mi, ó máa ń po tíì fún mi, ó máa ń jókòó tì mí títí tí màá fi sunkún tán.

Ìyá mi ò ṣa ẹ̀wà mọ́. Ó wá ní, “Folúkẹ́ ò rí ẹni tó fún un lómi pàápàá.”

Ó ní nǹkan tí mo sọ kò tíì yé òun, òun ò sì ní parọ́ pé ó yé òun. Àmọ́ ó ní òun ì bá ti dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán lọ́jọ́ ọ̀hún. Àwa méjèèjì sunkún, ẹ̀wà wà nínú atẹ níwájú wa.

Kí ni mo rí kọ́? Bí ẹ bá rí ọgbẹ́ lára ọmọ yín tàbí ọ̀rẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í. Ẹ má dákẹ́, torí Folúkẹ́ pọ̀ nílẹ̀ yìí. Àmọ́ tí ẹ bá ti bi í, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn, kódà bí ìdáhùn náà bá ya yín lẹ́nu. Ohun tí èèyàn fi ẹnu ara ẹ̀ béèrè, tó sì lè fi ẹnu ara ẹ̀ dá dúró, kì í ṣe ìyà. Ohun tí wọ́n ṣe fún un láìbi í, ì báà jẹ́ nínú àdúrà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti sọ òótọ́ nípa ara ẹ̀ rí, tí wọ́n ní kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀? Àbí ẹ̀yin lẹ wà ní ipò ìyá mi, tí ẹ̀rù ò jẹ́ kí ẹ gbọ́rọ̀ tán? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ bí ojú bá ń tì yín. Mi ò ní dá yín lẹ́jọ́, mi ò sì ní bá yín lé nǹkan kan jáde. Màá kà á dópin, màá sì gbà yín gbọ́.